Ìṣù Dúdú Tó Wà ní Igun Àjà

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wa, nítorí tí mo bá débi tó yẹ kí ohùn mi lọ sílẹ̀, á lọ sílẹ̀ ni o, mi ò ní pariwo nítorí ẹnì kankan. Èmi Àǹtí Susan ni, tí mò ń ránṣọ ní Igbodigo, tí ẹ̀yìnkùlé mi àti ti Ìyé Aníwúrà jọ pàdé. Ìyé là ń pe ìyá níbí, àmọ́ ti Aníwúrà yìí, ìyá gbogbo àdúgbò ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi tó díẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyókù, ẹnu Jùwọ́nlọ́lá ni mo ti gbọ́ ọ, ọmọ yẹn kì í sì í purọ́. Ó máa ń fura ni. Tẹ́ ẹ bá fún un ní bisikíìtì, á kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, á wo ẹ̀yìn ẹ̀, kó tó ní ẹ ṣé.

Ọmọ ọmọ Ìyé ni Jùwọ́nlọ́lá. Òun àti àbúrò ẹ̀ Joel ló ń bá Ìyé gbé, bàbá wọn ń dáko ní Àjàgbà. Joel kéré gan-an, eyín iwájú ẹ̀ ti ká, kò lè pe Jùwọ́nlọ́lá tán, "Jùjú" ló máa ń pè é. Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ Joel. Ẹ mọ̀ pé aládùúrà ni Ìyé, kò sí bí ebi ṣe lè pa á, á gbàdúrà sórí oúnjẹ, àdúrà náà á sì gùn. Ìyé á ní, "Olúwa, a dúpẹ́..." Joel á ní, "ÀMÍN!"

"Joel, àmín kí nìyẹn? Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ìyé, ọbẹ̀ ń tutù."

Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́. Wọ́n bá a wí títí, ó sú wọn. Ẹ fi ìyẹn sápò, a máa padà sí i.

Púpurú ni Ìyé ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni. A máa rẹ ẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a máa yọ okùn inú ẹ̀, a máa wá fọwọ́ mọ ọ́n ní ìṣù ìṣù, ká tò ó sórí àjà tí a fi igi ṣe lókè ààrò. Iná á máa jó nísàlẹ̀, èéfín á máa gòkè, títí ìṣù á fi gbẹ, tí ara ẹ̀ á dúdú. Tó bá wá di ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó, a máa fi ọ̀bẹ fá èèpo dúdú yẹn kúrò, inú á funfun báláú, a gún un, ó di oúnjẹ. Àjà Ìyé ló tóbi jù ládùúgbò, àwọn obìnrin míì máa ń gbé tiwọn wá síbẹ̀. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, kálukú máa ń tẹ àmì tiẹ̀ sára ìṣù tó bá ṣì tutù. Ìyá Dominic máa ń fi èékánná fà á. Judith máa ń tẹ ìka méjì. Ìyé ní tiẹ̀, àtàǹpàkò kan ṣoṣo, ní ikùn ìṣù, gbọ̀n-ìn! Ìyé máa ń sọ pé ìṣù tí kò bá ní àmì, kò ní ìyá.

Àmọ́ ìṣù kan wà ní igun àjà yẹn tí kì í sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń bá a níbẹ̀. Ó dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Àtàǹpàkò ẹnì kan wà ní ikùn ẹ̀, ó jìn. Tẹ́ ẹ bá bi Ìyé, á ní, "Ìyá ìyá mi ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fá a. Ẹ jẹ́ kí èéfín máa rí i." Kí ló dé? "Ẹni tó ń sùn, a kì í jí i tí a ò bá mọ ohun tó máa jẹ." Ó tán. Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá di ìgbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyé lọ wọ ilé àánú ní Òkìtìpupa, kó lọ gbàdúrà. Ó ní, "Susan, ojú ẹ lára àwọn ọmọ yìí o." Mo ní kó máa lọ, kó fọkàn balẹ̀. Ilé ìwé ti gba ọlidé. Catherine oníbàárà wa ń bọ̀ láti Òkìtìpupa wá kó púpurú, Jùwọ́nlọ́lá wá jókòó sílé ìdáná, ó ń fá èèpo. Joel ní òun máa ràn án lọ́wọ́, òun láá máa fi ọ̀pá já wọn sílẹ̀ látorí àjà. Ìrànlọ́wọ́ Joel! Ó já ti Judith mọ́ ti Ìyé, wọ́n wá ń jà sí i, Jùwọ́nlọ́lá ń bú u, ọwọ́ ẹ̀ ń fá, ojú ẹ̀ ò sí níbi tó ń fá. Ìṣù igun náà bá wọn já bọ́, gbogbo wọn ṣáà dúdú. Ta ló máa mọ èyí tó dúdú jù nínú ohun dúdú?

Ló bá gbọ́ lọ́wọ́ ẹ̀: "Ta ló ń fá mi lórí láìfi omi sí i?"

Ọmọ náà ju ọ̀bẹ nù.

Ìṣù yẹn bá ń tú, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń na apá, ó sín hàìṣìn! Ìyẹ̀fun kún ilé ìdáná. Nígbà tó máa wálẹ̀, ọkùnrin kúkurú kan ló dúró síbẹ̀, ṣòkòtò ẹ̀ kò kọjá orúnkún, irú aṣọ òfì tí mi ò rí rí láyé mi. Ikùn ẹ̀ àti ìdajì orí ẹ̀ funfun, ìyókù dúdú kirimú, níbi tí ọ̀bẹ ò tíì dé.

"Ta ni yín, sà?" Jùwọ́nlọ́lá ti fa Joel sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà dẹ etí sílẹ̀. Ó ń wò yíká. Ìyá kan ń pariwo níta pé, "Lucas! Lucas o! Wá gbé omi!"

Ó ní, "Lucas ni mí."

"Lucas ọmọ ta ni?"

"Ọmọ bàbá bàbá bàbá yín. Ẹbí yín ni mí. Ṣé wọ́n ṣì ń sọbẹ̀ nílé yìí?"

Bí mo ṣe wọlé nìyẹn, nítorí mo gbọ́ ariwo. Ọkùnrin yẹn rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Arúgbó ọkùnrin, ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi Susan. Kó tó dìde, ó ti fa tépù tí mo fi ń wọn aṣọ jáde látinú etí mi, ó ń fà á, ó ń fà á, tépù ò tán, ó gùn dé ojú títì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ní ẹbí yìí dáa o.

Jùwọ́nlọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

Kí á má fa ọ̀rọ̀ gùn, onídán ni. Ìyẹn, nígbà náà, a rò pé onídán tó kàn ń ṣeré ni. Akoto orí ọlọ́kadà yé ẹyin. Gbogbo ṣòkòtò tí mo rán fún ìkórè, wọ́n jí láàárọ̀, ojú àpò wọn ti dì pa, kò sẹ́ni tó lè tiwọ́ bọ̀ ọ́. Fóònù Bàbá Adéjọbí ń dún, ó gbé e, ewúrẹ́ ẹ̀ ló wà lórí ìlà. Ewúrẹ́! Ó ní, "Níbo lẹ gbé ọmọ mi lọ nígbà Kérésì?" Bàbá Adéjọbí ò jẹ ẹran títí dòní. Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún Bọ̀dá Lucas, wọ́n ní kó máà lọ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Jùwọ́nlọ́lá wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó dúró. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí Susan, ṣé ẹ ti rí i níbi tó ti ń mu omi rí?"

"Ta ni?"

"Bọ̀dá Lucas. Ó ń jẹun, kì í mu omi. Bí òjò bá ṣú báyìí, kí ẹ̀kán kan tó bọ́, ó ti wà nínú ilé. Tó bá rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun máa ń bọ́ létí ẹ̀. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, ẹ wá a, ẹ ò ní rí i. Mo ti wá a."

Mo ní, "Jùwọ́nlọ́lá, ìfura ẹ yìí, ọjọ́ kan wàá fura sí òjìji ara ẹ."

Àmọ́ ẹ wò ó, bó ṣe lọ tán, ẹ̀rọ ò lọ mọ́ lọ́wọ́ mi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin yẹn jókòó lábẹ́ igi àgbọn, Joel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Joel bí ẹni tó ń wo ẹran tó fẹ́ rà. 

Ní ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, a ò rí Joel.

A pè é, pè é. A wò ó lẹ́bàá odò, a wò ó lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì tó jẹ́ pé ibẹ̀ la ti máa ń rí i. Bọ̀dá Lucas yọ látẹ̀yìn ilé, ó ń na ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Joel kẹ̀? Bàbá ẹ̀ ti fi ọ̀kadà gbé e lọ sí Àjàgbà. Àní ọmọ náà gba ohùn sílẹ̀ fún yín. Ẹ gbé fóònù yín wá."

Ó fọwọ́ kan fóònù mi lásán, fóìsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn Joel ni lóòótọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, mo ti dé Àjàgbà láyọ̀. Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti jẹun, mo ti yó."

Ọkàn tèmi fẹ́ balẹ̀. Mo bojú wo Jùwọ́nlọ́lá, ojú ọmọ náà ti yí padà. Ó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn rìn lọ tán.

"Àǹtí Susan, kì í ṣe Joel nìyẹn. Joel kì í pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Kò sì tíì yó rí láyé ẹ̀. Ẹ tún gbọ́ ẹ̀yìn ohùn yẹn."

Mo gbé e sétí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ariwo igi ìdáná ni. Ta-ta-ta. Bí iná ààrò ṣe máa ń ṣe. Mo pe bàbá wọn ní Àjàgbà. Ó ní, "Joel wo? Oko ni mo wà láti òwúrọ̀."

Ìgbà yẹn ni Jùwọ́nlọ́lá tó sọ fún mi pé látinú ìṣù ni ọkùnrin yẹn ti jáde. Ó ti ń bẹ̀rù pé mi ò ní gbàgbọ́. Mo pe Ìyé nílé àánú. Mo sọ ọ́ fún un. Ìyé ò pariwo. Ó mí kanlẹ̀ ni.

"Susan, olè púpurú ni ọkùnrin yẹn láyé ìyá ìyá mi. Á di ìṣù, á jókòó sáàárín ìṣù, wọ́n á gbé e wọlé fúnra wọn, á jẹ ilé náà tán. Ìyá ìyá mi ló rí i pé ọ̀kan ò ní àmì. Ló bá tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ sí i. Ẹni tó bá tẹ ìka sí i ló ni ín, kò lè jáde mọ́ àfi tí wọ́n bá fá àmì yẹn kúrò. Ṣé ó ti sọ Joel di ìṣù?"

"Mi ò mọ̀ o, Ìyé."

"Tí oòrùn bá mú, ó máa ń padà di ìṣù kó lè sùn. Ẹ lọ wo àjà. Ẹ má gbé ìkankan sọ̀ kalẹ̀ o, tó bá jí, á gbé ọmọ sá lọ. Ẹ wá èyí tí kò ní àmì, kí Jùwọ́nlọ́lá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ti Joel bọ omi, á tú. Àmọ́ ẹ má tẹ Joel o! Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó há sínú ìṣù nìyẹn. Bí ẹ bá sì tì í bọ omi nígbà tí olè yẹn ò tíì há, ẹ̀gẹ́ lásán ló máa dà. Kí èèpo ọmọ náà má dúdú o, Susan, kó má..."

Fóònù ilé àánú kú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

A wọ ilé ìdáná bí ẹni tó fẹ́ jalè. Oòrùn mú níta, inú ibẹ̀ ṣókùnkùn fún èéfín. Jùwọ́nlọ́lá gun àpótí, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná, ti Ìyá Dominic. Ìka méjì, ti Judith. Àtàǹpàkò, ti Ìyé. Àtàǹpàkò, ti Ìyé. Ó dúró.

"Àǹtí Susan. Méjì ni kò ní àmì."

 Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọra bí ìbejì, ara méjèèjì sì ti ń pọ́n. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ọ̀kan, àbúrò Jùwọ́nlọ́lá ni. Ìkejì, ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, tó ń sun oorun ọ̀sán. Èwo wá ni èwo?

Mo ní ẹ jẹ́ ká fi igi tútù sí iná. Ẹni tó ti gbé nínú èéfín láti ayébáyé ò ní húkọ́, ọmọ ló máa húkọ́. Mo fẹ́ná, èéfín rú. Ìṣù kan húkọ́: kọ́hùn. Ìkejì náà húkọ́: kọ́hùn. Ohùn kan náà!

Ó ti jí. Ó sì mọ ohun tá à ń ṣe.

Mo ké pe, "Joel!" Ọ̀tún ní, "Jùjú, gbà mí!" Òsì ní, "Jùjú, gbà mí!" Mo ní, "Kí lorúkọ bàbá ẹ?" Àwọn méjèèjì ń sunkún.  Mo ní, "Jùwọ́nlọ́lá, tẹ ọ̀kan, jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Rárá." Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ látorí àpótí, ó fẹnu sí mi létí. "Ẹ lọ bu oúnjẹ wá."

"Oúnjẹ kẹ̀? Nísinsìnyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Susan. Kí ó gbóná. Kí òórùn ẹ̀ dé òkè."

Mo sáré lọ bu púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tí mo sè láàárọ̀, mo mú un gbóná, mo gbé e kalẹ̀ sídìí ààrò. Òórùn ẹja gòkè. Jùwọ́nlọ́lá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó dijú, bí ẹni pé Ìyé gan-an ló wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa, a dúpẹ́..."

"ÀMÍN!" Ọ̀tún ni.

Mo fẹ́ fò mọ́ ọn. Jùwọ́nlọ́lá gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, kò lajú. Ó ń bá àdúrà ẹ̀ lọ. Ó fura ni, ẹ ò rí i? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tàn ni. Ó dúpẹ́ fún ẹja, ó dúpẹ́ fún ẹni tó pa á, ó gbàdúrà fún aláìsàn, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà Òkìtìpupa, fún opó. Àdúrà yẹn gùn ju ti Ìyé lọ. Ìṣù òsì ò mí. Ó kúkú ti gbọ́ àdúrà láwọn ilé tó ti jẹun, ó mọ ibi tí àmín ń wà. Ọ̀tún ti tún ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì sí i.

"...lórúkọ Jésù Olúwa wa."

"Àmín," ni òsì wí. Jẹ́jẹ́. Ó dùn létí. Bí àgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Jùwọ́nlọ́lá fò sórí àpótí, ó tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ bọ ikùn òsì, gbọ̀n-ìn!

Ìṣù yẹn lọgun. "Ọmọ yìí! Kí ni mo ṣe? Mo dáhùn dáadáa!"

"Ẹ dáhùn dáadáa jù," ni Jùwọ́nlọ́lá wí, ó sì tún fi ara tẹ̀ ẹ́ kó lè jìn.

Ohùn náà ń lọ, ó ń kéré, ó ń kéré, bíi ti ẹ̀fọn tó wọ inú ìgò. Ó dákẹ́. A gbé ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ tìṣọ́ra tìṣọ́ra, a gbé e sínú baàfù omi. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Omi ń funfun ni. Jùwọ́nlọ́lá fọwọ́ bọ inú omi, ó ń pè é, "Joel, Joel mi," ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí omijé lójú ọmọ yẹn. Ló bá di ẹsẹ̀ kan mú. Ó fà á. Joel jókòó sókè nínú baàfù, ó funfun látorí délẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun, ó tu omi ẹ̀gẹ́ jáde lẹ́nu.

"Jùjú, mo ti ṣe àmín tipẹ́. Oúnjẹ dà?"

Ó jẹ tiẹ̀, ó jẹ tèmi mọ́ ọn. 

Nígbà tí Ìyé dé, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wọ ilé ìdáná tààrà, ó gbójú sókè, ó rí ìṣù tuntun náà, a ti sún un lọ sí igun ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí Jùwọ́nlọ́lá mú ọwọ́ wá. Ó fi àtàǹpàkò ọmọ náà wé ihò yẹn. Ó ní, "Ìwọ lo ni ín báyìí. Kí èéfín máa rí i." Láti ọjọ́ náà, Jùwọ́nlọ́lá ló ń dá iná àjà yẹn ní gbogbo òwúrọ̀, kó tó bọ́jú. Kì í sì í jẹ́ kí Joel mú ọ̀pá wọ ilé ìdáná.

Joel ṣì ń rùn bí ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tí òjò bá pa á. Ó sì ń ṣe àmín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a wí mọ́. Ìyé gan-an máa ń dúró dè é ni. Tó bá ti gbọ́ ti Joel, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wá máa bá àdúrà ẹ̀ lọ.

Àmọ́ èmi, tí mo bá bá wọn jẹun, mi kì í tètè bu òkèlè. Mo máa ń dúró. Gbogbo wa á ti ṣe àmín, Joel á ti jẹun dé ìdajì, Jùwọ́nlọ́lá á gbé ọwọ́ dúró lẹ́nu, á yí ojú sí ọ̀nà ilé ìdáná. Ó máa ń wá látibẹ̀, lẹ́yìn ti gbogbo wa. Jẹ́jẹ́. Ó dùn létí.

"Àmín."